Ibà Lẹ́yìn Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀: Èwo La Lè Mú Mọ́ra, Èwo Ni Ká Sáré Sí?

Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin kan wá kan ilẹ̀kùn mi ní Ìkátè Ẹlẹ́gùṣì ní kùtùkùtù. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, níbi tí wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún un. Ara bàbá gbóná, wọ́n ń bì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń ro wọ́n. Àwọn ẹbí ní dókítà ti ba nǹkan jẹ́, wọ́n ti gbé àgbo kaná.

Mo ní kí wọ́n sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀ ná. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn kò tún lókun àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Embolization ni wọ́n ń pe ìtọ́jú náà. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ń ti ìfun bọ̀. Èkejì ń ti ọkàn wá, òun sì ni jẹjẹrẹ fi ń jẹun jù. Dókítà á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ itan dé ibẹ̀, á fi oògùn jẹjẹrẹ sí i, á wá dí iṣan náà kí ebi lè pa kókó ọ̀hún. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Barcelona àti Hong Kong ní 2002 fi hàn pé ó ń fi kún ọjọ́ ayé àwọn tó bá yẹ fún. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ fún o: bí ibà pọ́njú bá ti wọlé, tàbí tí omi ti kún inú, ó lè ba ẹ̀dọ̀ tó kù jẹ́.

Kókó tó ń kú ló ń fa ibà, ìrora àti èébì. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Oògùn ìrora tí dókítà bá kọ nìkan ni kí ẹ lò.

Ṣùgbọ́n bí ibà bá lọ tó tún padà pẹ̀lú òtútù tó ń mú èèyàn gbọ̀n, ọyún lè ti ń gbárajọ nínú ẹ̀dọ̀. Bí ojú bá pọ́n, tí inú wú, tí aláìsàn ń sọ ìsọkúsọ, tí ìtọ̀ dín kù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lábẹ́ itan, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Gósílóò òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni láàárọ̀.

A pe dókítà bàbá. Ibà lásán ni tiwọn. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n béèrè àmàlà. Wọn ò tíì bọ́ o, wọ́n á tún ya àwòrán ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn bí oṣù kan.

Hẹpatáítíìsì B ló bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ inú àjẹsára àwọn ọmọ wa ní Nàìjíríà. Kí ọmọ tuntun gba tirẹ̀ kó tó pé wákàtí 24. Ẹ̀yin tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ọmọ bàbá ti lọ, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta.