Ebi Àfọwọ́fà àti Iyì Ara Ẹni

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe ti ara mi bẹ̀rẹ̀. Ní Bódìjà, ọmọbìnrin aládùúgbò mi kan wá kí mi. Mo rí i pé ó ti di tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì wí pé, 'Lẹ́pa! Ó mà yẹ ọ́ o.' Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ń ṣe ni ọmọ náà máa ń fi ìka bọ ọ̀fun lẹ́yìn oúnjẹ kí ó lè bì í. Àìsàn ni mo yìn.

Oríṣi méjì pàtàkì ni àìsàn yìí. Nínú èkíní, ènìyàn a máa febi pa ara rẹ̀. Yóò rù hangogo, síbẹ̀ yóò máa rí ara rẹ̀ nínú dígí bí ẹni tí ó sanra. Nínú èkejì, tí Gerald Russell ṣàlàyé ní 1979, a máa jẹ àjẹjù ní ìkọ̀kọ̀, a sì máa wá ọ̀nà láti bì í. Ohun tí ó so méjèèjì pọ̀ ni pé aláìsàn ti fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n iyì rẹ̀.

Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni. Nínú ìwé Nervous Conditions tí Tsitsi Dangarembga, ará Zimbabwe, tẹ̀ jáde ní 1988, irú èsì bẹ́ẹ̀ ni oníṣègùn ọpọlọ kan fọ̀ nípa Nyasha, ọmọbìnrin tí ebi àfọwọ́fà ń pa lọ.

Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ àánú ni 'ó rù' lẹ́nu wa. Nígbà tí Agbani Darego gba adé Miss World ní 2001, ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fojú mìíràn wo ara tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Òṣùwọ̀n kan ni a fi rọ́pò èkejì; ti àtijọ́ náà kò ṣàánú ọmọ tí kò lẹ́ran lára.

'Ìwà lẹwà' jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òwe kì í wo àìsàn. Àìsàn yìí lè pa ni, ó sì ṣe é wò. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà ní UCH níhìn-ín. Ohun tí ó kan àwa tí a kì í ṣe oníṣègùn ni ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ọmọ titun tí a sọ ní Àníkẹ́ kò tíì ní ìrísí kan tí a lè yìn. A ti pinnu láti kẹ́ ẹ ná.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà tún wá, oríkì rẹ̀ ni mo fi kí i. N kò sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mọ́.