Ìmìtìtì Ilẹ̀: Ṣé Àpáta Máa Ń Ta Wá Lólobó?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà á kọ́kọ́ fi ìka lù ú. Bó bá ti sán, ìró rẹ̀ kì í pamọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe sí àpáta abẹ́ ilẹ̀ California nìyẹn. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ lù ú, wọ́n sì ń wo bí ìgbì rẹ̀ ṣe yá tó kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kejì. Bí ilẹ̀ bá fún àpáta pọ̀, àwọn ojú sísán wínníwínní inú rẹ̀ á pa dé, ìgbì á yára. Bí wọ́n bá là, á falẹ̀.

Parkfield ni wọ́n ti gbájú mọ́ ọn jù, abúlé kékeré kan lórí San Andreas, níbi tí ilẹ̀ ti là, tí apá méjèèjì sì ń ha ara wọn kọjá. Afárá abúlé náà ti wọ́, nítorí orí apá méjèèjì ló dúró lé. Láti 1857 sí 1966, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ilẹ̀ mì níbẹ̀ tó bí ìwọ̀n 6. Àwọn onímọ̀ ní òmíràn á dé kí 1993 tó parí. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2004 ló tó dé, kò sì sí ẹ̀rọ kan tó ké ṣáájú.

Síbẹ̀, ohun tí Fenglin Niu, onímọ̀ nípa ìmìtìtì ilẹ̀, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2008 wú wa lórí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú ihò méjì ní Parkfield, nǹkan bíi kìlómítà kan sísàlẹ̀. Ìrìn ìgbì yí padà ní bíi wákàtí 10 ṣáájú ìmìtìtì ìwọ̀n 3, àti bíi wákàtí 2 ṣáájú ti ìwọ̀n 1. Ìyípadà náà kéré gan-an, débi pé wọ́n ní láti yọ ti afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ilẹ̀ kúrò kí wọ́n tó rí i. Ìmìtìtì kéékèèké méjì kò sì tó gbójú lé. Irú ìròyìn yìí ti wá láti Garm ní Tajikistan rí, nígbà ìjọba Soviet. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá irú rẹ̀ dáadáa ní California, wọn ò rí i.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ọjọ́ àti wákàtí ìmìtìtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn. MyShake, áàpù ìkìlọ̀ ìmìtìtì orí fóònù, pàápàá kì í sọ tẹ́lẹ̀: ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń mì níbìkan ló máa ń ké, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ sì máa ní. Ẹ wọ abẹ́ tábìlì, ẹ bo orí àti ọrùn, ẹ di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Ẹ má sáré jáde. Lónìí, ẹ so kọ́bọ́ọ̀dù gíga mọ́ ògiri, ẹ tọ́jú omi mímu pamọ́, kí ẹ sì fi bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí àfọ́kù gíláàsì tó lè gún yín lẹ́sẹ̀ lóru.