Ṣé Òótọ́ Ni Pé Rélùwéè Máa Ń Fa Èèyàn Mọ́ra?



Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ìkẹ́rẹ́, Àlàájà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ-ọmọ wọn mẹ́ta lọ síbi níkáà ní Èkó. Wọ́n á wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, wọ́n á sì wọ rélùwéè ní Mọ́níyà. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, wọ́n ní bí rélùwéè bá ń sáré kọjá, ó máa ń fa ẹni tó bá dúró nítòsí wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni, àbí wọ́n kàn ń dẹ́rù bà wá?”

Ìbéèrè náà dára. Èkìtì kò ní ojú irin, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ bí a ṣe ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, ìrìnàjò náà ti wà nítòsí wa.

Kí ni afẹ́fẹ́ náà ń ṣe?

Kì í ṣe àlùjọ̀nnú ló wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì Akúrẹ́ sí Adó tí tírélà sáré kọjá. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ tì yín sẹ́yìn. Bí imú ọkọ̀ bá ti kọjá tán, aṣọ yín á fẹ́ tẹ̀ lé e, eruku àti ọ̀rá píọ̀-wọ́tà á sì máa fò tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni rélùwéè ṣe ń ṣe, àmọ́ ó gùn ju tírélà lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára afẹ́fẹ́ náà lè di ìlọ́po mẹ́rin.

Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ni wọ́n ṣe fún eré tí kò ju kìlómítà 150 ní wákàtí kan lọ. Ní Ìlú Ọba, ibi tí ọkọ̀ ti ń sáré kọjá ju kìlómítà 160 lọ ni wọ́n ti ń fa ìlà ofeefee sílẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Àgbàlagbà tó dúró ṣinṣin, tó sì jìnnà sí etí pèpéle, afẹ́fẹ́ kò ní gbé e wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ní táyà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, ní ibùdókọ̀ Twyford ní Ìlú Ọba, afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kan sún àga oníkẹ̀kẹ́ títí ó fi kan ara ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ tó kó kọ̀ǹtẹ́nà máa ń da afẹ́fẹ́ rú ju ọkọ̀ èrò tí ara rẹ̀ ń dán lọ.

Ewu tó ju afẹ́fẹ́ lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé, níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ àwọn kò bá ti sí lórí irin, kò séwu. Àṣìṣe ni. Láti irin kan sí èkejì kò tó mítà kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ náà fẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ. Ó yọ síta ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ irin, ara ọkọ̀ lè gbá a, tàbí kí ó fi jàlàbíà tàbí híjáàbù rẹ̀ kọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ á ní, “Ó fà á!”

Rélùwéè kò sì lè dúró lójijì bíi mọ́tò. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, rélùwéè kọlu bọ́ọ̀sì tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní PWD, ní Ṣógúnlé. Èèyàn 6 ló kú.

Oògùn àti òòyì

Níbi tí iṣẹ́ mi ti kan ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Afẹ́fẹ́ tí kò ní mi ẹni tí ara rẹ̀ dá lè taari ẹni tí òòyì ń kọ́. Piriton tí a ń lò fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn máa ń mú oorun wá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru míì máa ń mú kí òòyì kọ́ni béèyàn bá dìde lójijì. Ẹ má torí èyí dá oògùn yín dúró o! Ẹ kàn jókòó títí ọkọ̀ á fi dúró pátápátá, kí ẹ sì rọra dìde. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ náà, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a ó ṣe

• Ẹ dúró sẹ́yìn ìlà. Níbi tí kò bá sí ìlà, ẹ fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó gùn sílẹ̀ sí etí pèpéle, ó kéré tán.
• Ẹ di búrékì kẹ̀kẹ́ ọmọ, kí ẹ sì di kẹ̀kẹ́ náà mú.
• Ẹ ká etí agbádá, jàlàbíà àti híjáàbù mọ́ra.
• Bí fìlà tàbí fóònù bá já sórí irin, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ pe òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀.
• Ẹ yọ ohun tí ẹ fi ń gbọ́ orin tàbí wáàsí kúrò létí.
• Bí àkókò ìrun bá tó, ẹ má ṣe tẹ́ ẹní sí etí pèpéle tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

Dídáàbò bo ẹ̀mí wà lára ohun tí Ṣẹ̀ríà wá fún. Ẹni tó gbára lé Ọlọ́hun gbọ́dọ̀ ṣe ti ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, Àlàájà ní, “Ó dáa, màá di ọwọ́ wọn mú.” Mo ní, “Àlàájà, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n, ọwọ́ méjì lẹ ní. Ẹ mú àgbàlagbà mìíràn dání.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n mú àbúrò wọn dání lọ.

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ wa ní àlọ àti ní àbọ̀. Àmín.