BÍ A TI LÈ MỌ ÌBÚ OKO TÍ OKÙN KÒ LÈ DÉ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni ó mọ àyíká oko rẹ̀, èyíinì ni ìwọ̀n gbogbo ààlà rẹ̀ láti èèkàn àkọ́kọ́ títí a ó fi padà dé ìdí èèkàn náà. Ṣùgbọ́n mímọ àyíká kì í ṣe mímọ bí ilẹ̀ ti tóbi tó. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan pe èkejì yóò pàdánù owó.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Àgbẹ̀ kan jogún ilẹ̀ onígun mẹ́rin lọ́wọ́ baba rẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ náà pé àyíká rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,200. Ó fi okùn wọn gígùn rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 400. Ṣùgbọ́n igbó kìjikìji ti bo ìhà ìbú méjèèjì, okùn kò sì lè kọjá. Òjò ti ń rọ̀, ó sì ń fẹ́ ra ọmọ kòkó. Mélòó ni kí ó rà?

Àṣìṣe tí ó rọrùn láti ṣe ni kí ó yọ 400 kúrò nínú 1,200, kí ó sì wí pé ìbú náà jẹ́ 800. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rìn yí oko ká yóò rin gígùn lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì rin ìbú lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, gígùn kan pẹ̀lú ìbú kan ni ìdajì àyíká. Ọ̀nà rẹ̀ nìyí:

Èkíní: Ẹ pín àyíká sí ọ̀nà méjì. 1,200 ÷ 2 = 600.
Èkejì: Ẹ yọ gígùn tí ẹ mọ̀ kúrò nínú rẹ̀. 600 − 400 = 200.

Ẹsẹ̀ bàtà 200 ni ìbú oko náà. Ẹ dán an wò: 400 + 200 + 400 + 200 = 1,200. Bí ó bá ṣe pé ìbú ni ẹ mọ̀, ìbú ni kí ẹ yọ, gígùn ni yóò sì kù.

Nísinsìnyí, ẹ fi ìbú sọ gígùn di púpọ̀: 400 × 200 = 80,000. Bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà 10 sí àárín kòkó kan àti èkejì ní ìhà gbogbo, igi kọ̀ọ̀kan yóò gba 100 nínú rẹ̀. Nítorí náà ọmọ kòkó 800 ni ilẹ̀ náà gbà, pẹ̀lú díẹ̀ tí a ó fi dípò àwọn tí ó bá kú. Bí ó bá gba ìbú 800 gbọ́, ìbá ra 3,200! Owó 2,400 ìbá ṣòfò. Tàbí kí ó fún wọn mọ́ra, kí ọ̀rinrin máa pẹ́ lábẹ́ wọn, kí àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú sì rí ibùgbé.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú nígbà tí ẹ bá ń ra ilẹ̀. Àyíká ilẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí dọ́gba, 1,200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan:

Gígùn 500, ìbú 100: kòkó 500.
Gígùn 400, ìbú 200: kòkó 800.
Gígùn 300, ìbú 300: kòkó 900.

Ẹni tí ó bá fi àyíká nìkan dá owó lé ilẹ̀ lè san owó kòkó 900 fún àyè kòkó 500.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ilẹ̀ tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé nìkan ni ìṣirò yìí wà fún. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 6 láti igun lọ sí apá kan, kí ẹ kan èèkàn. Ẹ wọn 8 sí apá kejì, kí ẹ kan òmíràn. Bí àárín èèkàn méjèèjì bá jẹ́ 10 gan-an, igun náà gún. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó náwó.