Kí Wọ́n Máa Rìn: Ayọ̀ Inú Rélùwéè Kékeré Àtijọ́

Orí rélùwéè kan wà lórí tábìlì mi ní London tó dàgbà jù mí lọ. Duchess of Atholl ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ti gidi tó ń ná ọ̀nà Euston sí Glasgow láyé ọjọ́un. Liverpool ni wọ́n ti ṣe tèmi, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ogun Hítílà parí. Àwọ̀ osùn ni wọ́n kùn ún. Gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e, ẹ ó mọ̀ pé ẹ gbé nǹkan, torí irin ni wọ́n yọ́ dà, kì í ṣe ike. Bí mo bá tan iná, tí mo rọra yí ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀, á kọ́kọ́ gbọ̀n, á kùn díẹ̀, á wá gbéra. Nígbà náà ni òórùn rẹ̀ á jáde: òróró tó ń gbóná, pẹ̀lú òórùn iná tó ń ta pàràpàrà nínú mọ́tò. Àwọn òyìnbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ti dúró nídìí tábìlì yìí, wọ́n gbọ́ òórùn náà, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Èmi ò gbọ́ ọ lọ́mọdé ní tèmi. Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Fáyámáànù ni baba mi, ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú iná orí ọkọ̀, èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Enugu. Ìyá mi kì í fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ tiwa. Lọ́tọ̀ ló ń fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, omi rẹ̀ á sì dúdú bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Owó nǹkan ìṣeré kò sí. Agolo mílíìkì ni àwa ọmọ ń so pọ̀ mọ́ra, tí a ń fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ fún, tí a ń wọ́ ọ káàkiri àgbàlá. Ọ̀nà irin láti Èkó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907, nítorí náà kí wọ́n tó bí baba mi ni fèrè ọkọ̀ ti ń dún nílùú wa.

Iṣẹ́ iná ni mo wá ṣe jẹun ní London títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni mo ti pàdé rélùwéè kékeré. Mo ń pààrọ̀ wáyà ilé bàbá arúgbó kan, mo gun òkè àjà lọ, mo bá odindi ìlú kan níbẹ̀: ojú irin, ìdíkọ̀, gáàdì tó gbé àsíá dání, gbogbo rẹ̀ lórí pákó, eruku ti bò wọ́n. Bàbá náà gòkè wá bá mi. Ó ní ọkọ̀ òun kò rìn mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, pé òun ò mọ ohun tó ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n ṣí i wò. Mọ́tò inú rẹ̀ ni mo rí, mọ́tò gidi tí mo mọ̀ dunjú nídìí iṣẹ́ mi, àfi pé ó kéré. Nígbà tí mo máa kúrò nílé náà lọ́jọ́ yẹn, ó ti ń rìn, bàbá sì ti jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó.

Kí ẹ lè mọ ohun tó wà nídìí àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Frank Hornby. Liverpool ni wọ́n bí i sí ní 1863. Ó ń gé páànù pẹlẹbẹ, ó ń lu ihò sí i, kí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lè fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì to ohun tó bá wù wọ́n: afárá, kéréènì, ọkọ̀. Ní 1901, ọdún náà gan-an tí wọ́n ṣí ọ̀nà irin Èkó sí Ìbàdàn, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yìí. Meccano ló padà sọ ọ́. Ní 1920, ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rélùwéè ìṣeré tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ yí kó tó lè sáré. Ìyẹn tóbi, ilé ńlá ló gbà á. Hornby kú ní 1936. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Binns Road, Liverpool, gbé Hornby Dublo jáde, ó sì yí gbogbo nǹkan padà. Àlàfo àárín irin rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5 péré. Mìlímítà mẹ́rin dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ gidi, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n dín ọkọ̀ gidi kù ní ìlọ́po 76. Ilé tí kò ní ju pálọ̀ kan lọ lè to ojú irin sórí tábìlì oúnjẹ, kí wọ́n sì kó o kúrò kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀.

Orí ọkọ̀ méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan kékeré ni, oríṣi N2, irú èyí tó ń kó òṣìṣẹ́ wọ London láràárọ̀. Èkejì ni Sir Nigel Gresley, tí imú rẹ̀ rọra tẹ̀ wálẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa dá a dúró. Ẹ ro ọdún tó jáde. Ní oṣù Keje 1938 ni Mallard, ọmọ ìyá Sir Nigel Gresley gidi, sáré dé máìlì 126 láàárín wákàtí kan, tí kò sí orí ọkọ̀ oníná èédú kankan tó tíì sáré tó bẹ́ẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ọmọdé ti lè mú irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ogun dá gbogbo rẹ̀ dúró. Duchess of Atholl tiwa yìí, tí wọ́n ti kéde ṣáájú ogun, ìgbà tí ogun parí ló tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ.

Inú bí wọ́n ṣe ń rìn ni adùn pọ̀ sí jù fún mi. Irin mẹ́ta ni ojú ọ̀nà Dublo àtijọ́ ní, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan láàárín. Fólítì 12 ni iná rẹ̀, irin àárín ló sì ń gbà wọlé. Irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ orí ọkọ̀ tó ń fara kan irin àárín bó ti ń lọ. Iná á gba ibẹ̀ wọ mọ́tò, á gba ẹsẹ̀ ọkọ̀ jáde sórí irin ẹ̀gbẹ́, á padà sílé. Bí ẹ bá yí ojú iná padà láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀, ọkọ̀ á fẹ̀yìn rìn. Nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì ń ṣe, kò sídìí láti fi ike là wọ́n láàárín. Ọmọdé sì lè to ojú irin bó ṣe wù ú, kódà kí ó lọ yí po, kó padà wá já sójú ọ̀nà tó ti kọ́kọ́ gbà. Ojú iná méjèèjì kò ní bá ara wọn pàdé. Lórí irin méjì, irú ìyípo bẹ́ẹ̀ máa ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró ni, àfi tí ẹ bá ṣe wáyà rẹ̀ lákànṣe. Àwọn kan ní irin àárín kò jọ ti ojú ọ̀nà gidi. Òótọ́ ni. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ronú rẹ̀ ro ti ọmọdé mọ́ ọn.

Kò tún sí ibi tí wọ́n fi pamọ́ nínú rẹ̀. Ẹ tú ìdè kan, ara orí ọkọ̀ á ṣí kúrò. Ẹ ó rí òòfà, ẹ ó rí kọ́ìlì tó ń yí láàárín rẹ̀, ẹ ó rí kábọ̀n kéékèèké méjì tí sípíríǹgì ń tì mọ́ bàbà kọ́ìlì kí iná lè wọ̀ ọ́. Ohun tó máa ń ṣe wọ́n kò pọ̀. Gíríìsì tí wọ́n fi sí i láti ọjọ́ pípẹ́ á ti le bí ẹ̀kọ àná, àwọn eyín rẹ̀ ò sì ní lè yí. Ẹ fi igi tín-ín-rín há a kúrò, kí ẹ fi owú nù ún, kí ẹ kán òróró síbi tó yẹ, ẹ̀kán kan ṣoṣo, nítorí òróró àpọ̀jù ń wọ ojú bàbà, á sì máa jóná. Bí kábọ̀n bá ti jẹ tán, òmíràn wà lọ́jà. Bí òòfà bá ti rẹ̀, ẹ ó mọ̀: ọkọ̀ á máa mu iná gan-an, á máa gbóná, kò sì ní lè fa kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta gun òkè. Àwọn oníṣẹ́ kan wà tó ní ẹ̀rọ tó ń sọ agbára òòfà dọ̀tun. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni iṣẹ́ náà.

Àìsàn kan wà tí kò ní oògùn. Mazak ni wọ́n ń pe irin tí wọ́n yọ́ dà. Síńkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí òjé díẹ̀ bá ti ṣèèṣì wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń yọ́ ọ, àá máa rí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí irin náà ń wú, tí ó ń là, tí ó ń fọ́ kúlẹ́kúlẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ti ṣáájú ogun ló máa ń ṣe jù. Mo ní orí ọkọ̀ kan tó ń lọ bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń gbé e sórí irin, nítorí mọ́tò rẹ̀ dára.

Bóyá ó yẹ kí a máa gbé wọn sórí irin ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa tí a ń kó wọn jọ. Àwọn kan gbà pé bí rélùwéè bá wà nínú páálí búlúù rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé e jáde rí, kí a má ṣe gbé e jáde títí ayé. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀: páálí tó dára lè jẹ́ kí iye tí wọ́n máa tà á ní gbàǹjo lọ sókè gan-an. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ mo rò pé wọ́n ń fi ohun tó dára jù nínú rẹ̀ du ara wọn. Àwọn obìnrin àti ọkùnrin tó jókòó ní Binns Road, tí wọ́n ń di wáyà mọ́ kọ́ìlì, tí wọ́n ń kan ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀, nítorí ìrìn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ti lọ. Ilé iṣẹ́ wọn bọ́ sọ́wọ́ Lines Brothers, àwọn tó ń ṣe Tri-ang oníke tó dínwó, ní 1964, wọ́n sì dáwọ́ Dublo dúró. Ní 1979 ni wọ́n ti Binns Road pa. Orúkọ Hornby ṣì wà, Margate ló fi ṣe ibùjókòó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Liverpool yẹn kò ní sí mọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yí lórí tábìlì mi ni mo ń rí i.

Ìdí míì wà tí Liverpool fi sún mọ́ mi lọ́kàn. Láti ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn orí ọkọ̀ ńláńlá kan dé sí rélùwéè Nàìjíríà, ẹ̀yà tí wọ́n pè ní River. Ilé iṣẹ́ Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows wà lára àwọn tó ṣe wọ́n, ìlú náà kò sì jìnnà sí Liverpool rárá. Àwọn tó kan irin tí baba mi ń kó èédú sí, àti àwọn tó kan irin tí mo ń kán òróró sí, àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Ó ṣeé ṣe kí bàbá ilé kan máa lọ Vulcan, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin máa lọ Binns Road. Baba mi kò mọ̀ nípa rélùwéè kékeré títí ó fi kú. Ì bá wù mí kó rí i.

Nínú páálí kan tí mo rà ní gbàǹjo, mo bá bébà pélébé kan tí ọmọdé fi pẹ́ńsù kọ àkókò ọkọ̀ sí: Euston, Rugby, Crewe, Carlisle, Glasgow, pẹ̀lú aago tí ọkọ̀ máa dé ibi kọ̀ọ̀kan. Ó fi rúlà fa ìlà rẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá pẹ́, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ó pẹ́. Ọmọ ọmọ mi ka bébà náà, ó bi mí pé, “Bàbá àgbà, tiwa ńkọ́?” A jókòó, a kọ tiwa: Ìdó, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ìkìrun, Òkukù, Òfà. Ọ̀sán Sátidé ni ọkọ̀ ń lọ. Òun ló ń darí iná, èmi ni gáàdì, ìyá àgbà rẹ̀ sì ń pe orúkọ ìdíkọ̀ láti inú kíṣìnì nígbà tó bá ráyè. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, a máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí Duchess. Kó wá N2 kékeré yẹn, ti lẹ́yìn ogun, nítorí wọ́n ṣe é púpọ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n tó ti àwọn ńlá, ó sì lágbára. Kó wá páálí ojú irin oní-mẹ́ta tó lè yí po kan. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń darí iná, ẹ má fi sínú iná ilé láìjẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ iná ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wáyà rẹ̀ a máa jẹrà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yí orí ọkọ̀ náà dojú délẹ̀, ẹ wo ara irin rẹ̀ bóyá ó ti là, ẹ fi ìka yí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ara rẹ̀ bá pé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́ yí, ẹ rà á bí kò tilẹ̀ tíì rìn. Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ òróró, owú àti ìrọ̀lẹ́ kan.