Má Tìtorí Ẹnu Ayé Jẹ Ojú Owó



Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé, ohun kan a máa bà mí nínú jẹ́ ní ọjà wa. Oníṣòwò tí kò ní ju ojú owó tí yóò fi tún ọjà rà, yóò kó o fi ra àgbò ńlá àti aṣọ ẹbí. Bí a bá bi í léèrè, yóò ní, "Kí ni àwọn ará ilé yóò wí?" Nígbà tí ọdún bá rékọjá, ìsọ̀ a ṣófo, òun a sì máa wá ẹni tí yóò yá a lówó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sìn wa kò di àgbò pípa ru ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ànábì wa Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run máa bá a, ṣe ní Hudaibiya ní ọdún 628. Òun àti àwọn Sàábà bí 1,400 gbéra láti Mẹ̀dínà láti lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà. Àwọn Kùréṣì dí wọn lọ́nà. Wọ́n wá ṣe àdéhùn pé ìjà yóò dáwọ́ dúró fún ọdún 10, ṣùgbọ́n kí àwọn Mùsùlùmí padà sílé, kí wọ́n wá fún ọjọ́ 3 ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Suhaili, aṣojú Kùréṣì, kò tilẹ̀ gbà kí a kọ "Òjíṣẹ́ Ọlọ́run" sínú ìwé náà. Ó dun àwọn Sàábà wọra. Úmárù pàápàá bèèrè ìdí tí a ó fi gba irú ìrẹ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ànábì kò wo ojú ènìyàn. Ó pa ẹran rẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà.

Kí ni ó ti inú rẹ̀ jáde? Nítorí àlàáfíà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ìwàásù láìbẹ̀rù, wọ́n sì gba ẹ̀sìn. Nígbà tí àdéhùn náà bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn Kùréṣì, Ànábì wọ Mẹ́kà ní ọdún 630 pẹ̀lú ènìyàn bí 10,000, ìlú náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́ láìsí ìjà ńlá.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú owó, ẹ bi ara yín léèrè pé, "Báwo ni ọ̀ràn yìí yóò ti rí ní ọdún méjì sí òní?" Ọ̀rọ̀ ẹnu ayé kì í pẹ́ tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí ó ṣófo a máa pẹ́ kí ó tó kún. Bí agbára kò bá ká àgbò lọ́dún yìí, ẹ kí ìrun yídì yín, ẹ jẹ ohun tí Ọlọ́run pèsè, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí dá èésú fún ti ọdún tí ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run fún wa ní làákàyè. Àmín.