“ÀWÒRÒ MÀ RÈÉ!”: Ojú tí gbogbo wa mọ̀, orúkọ tí a kò mọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà Ọba, l'Ádó-Èkìtì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, télọ̀ kan gbé fóònù rẹ̀ ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń wo fíìmù bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Fópomóyò ni fíìmù náà, èyí tó jáde ní 1991. Ìyá aláta kan wá gba búbà rẹ̀, ó bẹjú wo fóònù, ló bá figbe ta: “Háà! Àwòrò mà rèé! Àwòrò inú Àrélù!” Kò tíì pa ẹnu dé tó tún fi pariwo: “Ẹ wo Sunny! King Sunny Adé ló ń ṣeré yẹn o!”

Àwọn ìyá mẹ́ta sáré wọlé. Ẹ̀rọ dúró. Búbà tí wọ́n ní yóò yá ní aago mẹ́rin, kò yá mọ́.

Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ló bi wọ́n ní ìbéèrè tó pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ Àwòrò gan-an?”

Ìyá aláta wo ìyá elépo, ìyá elépo wo ìyá aláṣọ. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn ní: “Àwòrò náà ni, àbí kí lo tún fẹ́ gbọ́?”

Ọ̀rọ̀ tó gbé wa dé orí ìwé lónìí nìyẹn. Kò sí ohun tó dùn tó kéèyàn máa wo eré kan, kó rí ojú tó ti mọ̀ nínú eré mìíràn. Ṣùgbọ́n ojú la mọ̀, a ò mọ èèyàn.

TA NI ÀWÒRÒ?

Jimoh Aliu lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ni, Èkìtì tiwa níbí. Ọdún 1939 ni wọ́n bí i. Ní 1959, ẹgbẹ́ Akin Ògúngbè wá ṣeré nílùú wọn, ni ọmọkùnrin náà bá bá wọn lọ. Ó lo ọdún méje lọ́dọ̀ ọ̀gá, bíi ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ní 1966. Ní 1967 ó wọṣẹ́ ológun, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 1975 kó lè rójú gbọ́ ti tíátà. Agbẹ́gilére sì tún ni.

Àwọn tó gbọ́njú ní àwọn ọdún 1980 ò ní gbàgbé Àrélù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ilé kan ṣoṣo ládùúgbò ló lè ní ẹ̀rọ, gbogbo wa á sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ọmọdé nílẹ̀, àgbà lórí àga. Tí Fádèyí Olóró bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀, àwa ọmọdé á ti bojú. Òjó Arówóṣafẹ́ lorúkọ Fádèyí. Òrìṣàbùnmi ńkọ́? Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ni, ọmọ Ìpínlẹ̀ Kwara, ẹni tó fìgbà kan jẹ́ ìyàwó Àwòrò. Eré ló fún un lórúkọ yẹn, orúkọ náà sì bá a dalẹ́.

ỌBA NÍ ỌJÀ, ỌBA NÍ JOGBO

Kì í ṣe Àrélù nìkan. Ẹ rántí Village Headmaster, eré tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968, tó sì lọ títí di 1988. Ìlú Ọjà ni wọ́n pè é nínú eré, Dejumo Lewis sì ni Kábíyèsí. Nígbà tí Túndé Kèlání gbé Agogo Èèwọ̀ jáde ní 2002, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò jọba Jogbo, ta lẹ rí lórí ìtẹ́? Kábíyèsí Ọjà náà ni! Ọba kan, ìlú méjì. Ẹni tó bá ti wo ti àkọ́kọ́ á ti dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó dádé fún un.

Èèyàn mẹ́ta ló ṣe ọ̀gá ilé ìwé nínú eré yẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: Ted Mukoro, Femi Robinson àti Justus Esiri. Ní 1987, NTA gbé Things Fall Apart jáde, Pete Edochie ló ṣe Okonkwo. Obierika ọ̀rẹ́ Okonkwo ńkọ́? Justus Esiri ni. “Họ́wù, hẹ́dimásítà ti di ará oko!” lohun tí wọ́n ń pariwo nílé wa.

Ẹ tún wo Peter Fátómilọ́lá, ọmọ Ifisin-Èkìtì, tó wà lára àwọn tó bá Ọlá Rótìmí ṣiṣẹ́ ní Orí Olókun, n'Ífẹ̀. Tí fíìmù bá ti nílò babaláwo, òun náà ni. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló fi ń jẹun!

ÒYÌNBÓ NÁÀ Ń ṢE É

Ní Amẹ́ríkà, eré kan wà tó ń jẹ́ Star Trek, ti àwọn tó ń wọ ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀, láti 1966 dé 1969. Ní 1967, Ricardo Montalban wá ṣe àlejò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, òun ni Khan, ìkà èèyàn. Nígbà tó di 1977, ọkùnrin yìí kan náà ló wọ kóòtù funfun nínú Fantasy Island, tó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Àwọn tó mọ Khan fò sókè. Títí dòní, àwọn àgbààgbà òyìnbó wà tí wọ́n ń wo eré àtijọ́ torí kí wọ́n lè nàka sírú ojú bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ rèé: wọ́n tọ́jú eré tiwọn. Níhìn-ín, kásẹ́ẹ̀tì wọ́n, wọ́n sì ń gba eré tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ọ̀pọ̀ eré ló bá bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa náà ò mọ́wọ́ mọ́ ẹsẹ̀: tí orúkọ àwọn òṣèré bá ń kọjá lójú ẹ̀rọ, a ti dìde, a ti ń wá bàtà. Ìgbà mìíràn sì rèé, Nẹ́pà ti mú iná lọ.

Ohun tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Mo wà nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìkẹ̀rẹ́. Rédíò ní Jimoh Aliu ti kú ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Kò sẹ́ni tó mira. Ìgbà tí dẹ́rẹ́bà ní, “Àwòrò ni wọ́n ń wí o,” ni gbogbo ọkọ̀ tó lọgun, tí ìyá kan bú sẹ́kún. Èèyàn wa kú, a ò mọ̀ pé tiwa ló kú! Oṣù mẹ́rin ò pé, Òrìṣàbùnmi náà tẹ̀ lé e, ní oṣù kìíní 2021. Fádèyí lọ ní 2023.

Orúkọ eré kì í ṣe àbùkù o. Iyì ni, ó dà bíi pátákó tí oníṣọ̀nà gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí aṣọ bá dára lára wa, ṣebí a máa ń béèrè pé ta ló rán an?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá oníṣẹ́ ọwọ́, tí ẹ bá tún nàka sí ojú kan lórí fóònù, ẹ sọ nǹkan mẹ́ta fún ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: orúkọ tó jẹ́ nínú eré, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àti ìlú rẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ bi àgbà. Ẹ sì kọ̀wé sí wa: ojú wo lẹ rí, nínú eré wo, ibo lẹ ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n? A ó tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé lẹ́tà.

Mo padà dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn lọ́jọ́ kejì. Ọmọ iṣẹ́ náà ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri: JIMOH ALIU, ÒKÈ-ÌMẸ̀SÍ. Ọ̀gá rẹ̀ ò sì ní kó nù ún.